Ìlérí Ìyá Aṣòfin

Kí ẹnikẹ́ni tó bú mi, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bú ara mi: òmùgọ̀ ni mí. Àgbà òmùgọ̀ sì ni, nítorí èmi tí mo ti ní ọmọ-ọmọ tó ń fá irùngbọ̀n ni mo fi ẹnu ara mi gbé ìbò ọmọ mi fún ẹlòmíràn lórí fóònù.

Abọ́ ni mò ń fọ̀. Ọmọ mi ọkùnrin, aṣòfin, ń sùn nínú yàrá ẹ̀yìn. Ó ti pa fóònù tiẹ̀ láti àná, ó wá sá pamọ́ sọ́dọ̀ ìyá ẹ̀, nítorí gbogbo ẹgbẹ́ òṣèlú wọn ló ń wá a kiri. Wọ́n fẹ́ ṣe òfin kan tí yóò jẹ́ kí Ààrẹ tún lo sáà mìíràn nígbà tí tiẹ̀ bá pé. Ọmọ mi sì ti sọ nínú ìpàdé pé òun ò ní lọ́wọ́ sí i.

Ni fóònù tèmi bá dún. Obìnrin kan ní kí n dúró, Ààrẹ fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀. Ààrẹ! Mo fi ọwọ́ tó kún fún ọṣẹ tún irun mi ṣe, mo tún ìró mi ró, mo wá tẹríba fún ògiri ilé ìdáná, bí ẹni pé ojú wà lára fóònù.

"Màmá wa," ohùn ẹ̀ rọ̀ bí òwú, "ṣé ara le?"

"Ara le bí òkúta, Kábíyèsí!"

Ẹ gbọ́ mi! Ẹnu mi ti fi Ààrẹ jọba kí ilé aṣòfin tó jókòó.

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ rántí ọjọ́ tí mo fa ọmọ yín lọ́wọ́ sókè lójú gbogbo ìlú? Kò ní já mi kulẹ̀ lọ́la, àbí?"

"Já yín kulẹ̀ kẹ̀? Ọmọ tí mo fi ọmú bọ́! Mo fi orí mi dúró, yóò dìde fún yín!"

Ó dúpẹ́, ó lọ. Ni mo bá ń jó yí ilé ìdáná ká. Ìdí ńlá yìí gbá abọ́ kan bọ́ sílẹ̀, ó fọ́ yángá. Ariwo yẹn ló jí ọmọ mi.

Mo ròyìn fún un. Kò bínú, ìyẹn ló sì dùn mí jù.

"Ìyá mi, ẹ ti bá mi dìbò tán nìyẹn."

"Ọkùnrin yìí ló sọ ẹ́ dèèyàn! Ta ló mọ̀ ẹ́ tẹ́lẹ̀? Bí kì í bá ṣe pé èmi ni mo bí ẹ, èmi gan-an ǹ bá má dìbò fún ẹ."

"Òótọ́ ni. Ó ṣe mí lóore, mo sì ti ń bá a dìde láti ọjọ́ yìí. Ṣùgbọ́n èmi àti ẹ̀ la jọ búra pé sáà tó bá ti pé, ó pé. Tí mo bá dìde lọ́la, mo da ìbúra. Tí mo bá jókòó, wọ́n á lé mi nínú ẹgbẹ́, ìyá mi á sì di òpùrọ́."

Bí wọ́n ṣe ń dìbò lórí ọ̀rọ̀ ńlá nílé aṣòfin nìyẹn: ẹni tó gbà á dìde, ẹni tí kò gbà jókòó, kí gbogbo ayé lè rí ẹ.

Ìyàwó ẹ̀, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ti ibi iṣẹ́ dé. Nígbà tó gbọ́, ó ní, "Màmá, ẹ jókòó kí n wọn ìfúnpá yín. Ó jọ pé ọ̀rọ̀ Ààrẹ ń pa yín bí ọtí."

Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n oorun ò kùn mí. Ẹni tó ṣeni lóore, a kì í gbàgbé ẹ. Àmọ́ bí ọ̀rọ̀ ẹ̀ bá mọ́, kí ló dé tó fi gba ẹ̀yìnkùlé wọlé? Ṣebí ọmọ ló yẹ kó bá sọ ọ́, kì í ṣe arúgbó tó ń fọ abọ́. Èmi náà sì rèé, ẹran ẹlẹ́ran ni mo fi ṣe àlejò.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo pe nọ́ńbà yẹn padà. Obìnrin yẹn ní Ààrẹ wà nípàdé.

"Sọ fún un pé ìyá aṣòfin ti gba ọ̀rọ̀ ẹ̀ padà."

"Màmá, a kì í gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ níbí."

Mo wá bá ọmọ mi níwájú dígí, ó ń so táì.

"Gbọ́. Mo ti pè wọ́n, mo ti gba ọ̀rọ̀ mi padà. Ẹnu mi ni mo fi ṣèlérí, kì í ṣe ìdí rẹ. Ìwọ lo ni ìdí rẹ. Lọ lò ó bó ṣe wù ẹ́."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Kò tètè nu omi yẹn.

Èmi àti nọ́ọ̀sì jókòó ti tẹlifíṣọ̀n. Abẹnugan ní kí àwọn tó fara mọ́ ọn dìde. Gbogbo ẹgbẹ́ wọn gbéra lẹ́ẹ̀kan náà. Láàárín wọn, ọmọ mi jókòó, ibẹ̀ dà bí àlàfo eyín. Ọ̀rẹ́ ẹ̀, aṣòfin tí a ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó ń fà á láṣọ.

"Jókòó dáadáa, ọmọ mi!" ni mo ń pariwo sí tẹlifíṣọ̀n.

Òfin náà wọlé. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ẹgbẹ́ ti kéde pé àwọn ti lé ọmọ mi, wọ́n sì ti gba ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀. Takisí ló gbé e dé.

Kò pẹ́ ni Ẹlẹ́rìn-ín wọlé. Ó jókòó, kò gba omi lọ́wọ́ wa. Mo ní kí n fi ẹ̀fẹ̀ mú ara wọn yá.

"Ẹlẹ́rìn-ín, ẹsẹ̀ rẹ mà le o! O dúró gbagidi bí òpó iná."

Kò rẹ́rìn-ín. Ilẹ̀ ló ń wò.

"Màmá," ó ní, "Ààrẹ pe ìyá tèmi náà. Ọmọ yín ti ròyìn tiyín fún mi. Ìyá tèmi ò mọ̀ pé èèyàn lè gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ padà."