Ìyàwó Tó Wọ Bẹ́líìtì fún Ọkọ̀

Hosea jókòó lórí garawa tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀ nínú gáréèjì abúlé. Ó ń wo Ernestine, ìyàwó ọmọ rẹ̀, bí ó ti ń wọ bẹ́líìtì fún ọkọ̀, ó sì ń ṣe bí ẹni tí kò wò ó. Ọ̀rọ̀ àna ni. Nínú ìdílé tiwọn, bàbá ọkọ kì í bá ìyàwó ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní tààrà, ìyàwó náà kì í sì í bá a sọ̀rọ̀. Kì í ṣe ìjà, ọ̀wọ̀ ni. Nígbà tí Adeline, aya Hosea, wà láyé, òun ló ń gbé ọ̀rọ̀ lọ, tó ń gbé ọ̀rọ̀ bọ̀ láàrin wọn. Àmọ́ Adeline kú nígbà tí ewé ń rẹ̀ dànù, Norbert ọmọ wọn sì wà níbi tí wọ́n ti ń wa kùsà, ó di ìgbà tí yìnyín orí odò bá ti yọ́ tán kó tó wálé. Ẹni tó wá kù láti máa jíṣẹ́ fún wọn ni Maskwa, ajá wọn.

“Maskwa,” ni Ernestine wí, kò gbójú sókè, “sọ fún Bàbá kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ wọn kúrò níbẹ̀ yẹn. Ọkọ̀ yìí ò mọ àgbà o.”

Maskwa yán. Hosea gbé ẹsẹ̀.

Ọkọ̀ náà kò ga, kò sì lẹ́wà. Táyà mẹ́rin lọ́tùn-ún, mẹ́rin lósì, inú rẹ̀ jin bí ọpọ́n ìwẹ̀, bó bá sì já sómi, yóò léfòó. Nígbà ooru, táyà yẹn tó o. Ṣùgbọ́n ìparí ìgbà òtútù la wà yìí, yìnyín mu èèyàn dé ìbàdí, oòrùn ọ̀sán sì ti ń sọ ọ́ di ẹ̀kọ. Táyà lásán á kàn máa gbẹ́ sàréè ara rẹ̀ níbẹ̀ ni. Àfi kí wọ́n fi bẹ́líìtì rọ́bà fífẹ̀ yí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ká lápá kọ̀ọ̀kan, kó lè máa tẹ yìnyín mọ́lẹ̀ kó sì máa gun orí rẹ̀.

Hosea kò lè gun alùpùpù yìnyín mọ́, egungun ìbàdí rẹ̀ ò gbà á. Òdìkejì odò ni wọ́n sì sin Adeline sí, ní ibùdó tí wọ́n ti máa ń dọdẹ pẹ́pẹ́yẹ igbó ọlọ́rùn gígùn. Lọ́jọ́ ìsìnkú ni Hosea ti ṣèlérí fún un pé bí pẹ́pẹ́yẹ àkọ́kọ́, tó sá fún òtútù, bá ti gúúsù dé, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lòun máa wà. Bí yìnyín orí odò bá fọ́ kó tó kọjá, ìlérí yẹn di asán nìyẹn, àwọn ẹyẹ ò sì ní dúró dè é. Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn nìyí, tí kò jẹ́ kó jẹun.

Ernestine ló ń wa katakata tí wọ́n fi ń kó yìnyín kúrò ní títì abúlé, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ irin. Ó tẹ́ bẹ́líìtì méjèèjì sílẹ̀ gbọọrọ bí ẹní. Ó yọ afẹ́fẹ́ inú táyà díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n fi rọ̀ bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ arúgbó, ó wá wa ọkọ̀ gun orí bẹ́líìtì náà jẹ́jẹ́. Ó gbé etí bẹ́líìtì kan gba orí táyà wá bá èkejì, ó fi okùn fà wọ́n pa pọ̀, ó ń fà, iṣan ọrùn rẹ̀ ń yọ, títí ihò fi ko ihò. Ó wá ti ọ̀pá irin kan bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó wọlé wọ̀ọ̀. Orí Hosea wú. Norbert alára, tó ni ọkọ̀, a máa fi òòlù gbá a ni, a sì máa bú u.

“Maskwa, sọ fún un pé tòsì wọ́ díẹ̀.”

“Maskwa, sọ fún Bàbá pé mo lójú.”

Hosea fi ọwọ́ bo ẹnu, ó rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó fẹ́ afẹ́fẹ́ sí táyà tán, bẹ́líìtì le gan-an. Ernestine gbá a pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́, ó dún. “Maskwa, jọ̀ọ́, sọ fún Bàbá pé sítóòfù ló mú ibí gbóná o. Bí ọkọ̀ bá jáde sínú òtútù, afẹ́fẹ́ inú táyà á sún kì, bẹ́líìtì á dẹ̀. Lọ́la, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dúró níta kó tutù dáadáa, kí n tún fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, ká tó lọ.”

Ọ̀rọ̀ tó mọ́gbọ́n wá ni, Hosea sì gbọ́ ọ. Àmọ́ nígbà tí Ernestine máa fi wa ọkọ̀ jáde láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kíá ni àgbàlagbà ti gun inú rẹ̀, ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo ẹsẹ̀, ó gbé ajá lé itan.

“Maskwa, sọ fún un pé oòrùn ò dúró de ẹnì kan. Bí ojú yìnyín tó dì lóru bá rọ̀, wàhálà dé.”

“Maskwa, sọ fún Bàbá pé táyà ò tíì tutù.”

“Maskwa, bi í bóyá ó fẹ́ kí odò fọ́ kó tó mu tíì rẹ̀ tán ni.”

Ìyàwó wo ló máa kọ ọ̀rọ̀ bàbá ọkọ? Ernestine da tíì nù, ó wọkọ̀, ó ṣáná sí i.

Wọ́n bọ́ sórí odò. Ọkọ̀ ń lọ wẹ́rẹ́ lórí yìnyín tí ì bá gbé èèyàn mì, Ernestine sì ń wà á lórí ìdúró níwájú, ó ń yẹ̀ fún gbogbo ibi tí omi ti ń dúdú lábẹ́. Inú Hosea dùn débi pé ó ń kọrin nínú. Ó wá wo ẹ̀gbẹ́ òsì. Bẹ́líìtì ti dẹ̀. Eyín inú rẹ̀, tó yẹ kó wà láàrin àwọn táyà, ti gun orí táyà iwájú, ó sì ń rìn síta díẹ̀díẹ̀. Ẹsẹ̀ díẹ̀ síwájú wọn, lápá òsì, odò ti la ẹnu, omi ń ṣàn níbẹ̀. Bí bẹ́líìtì yẹn bá já bọ́, ọkọ̀ á yí sápá ibẹ̀ ni, bó bá sì léfòó, omi á wọ́ ọ wọ abẹ́ yìnyín.

“Maskwa!” ni Hosea wí. “Sọ fún un...”

Ajá ń sùn. Ariwo ẹ́ńjìnnì gba gbogbo odò.

“Ernestine! Dúró!”

Ọkọ̀ dúró gbà. Láti ọjọ́ tí obìnrin náà ti wọlé wọn, Hosea kò pe orúkọ yẹn lójú rẹ̀ rí. Ojú tì í, ara rẹ̀ gbóná nínú òtútù. Ẹ̀bi rẹ̀ sì ni, ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, òun ló fi ìkánjú mú un.

Ernestine bọ́ sílẹ̀, omi yìnyín mu ún dé orúnkún. Ó wo bẹ́líìtì, ó wo ẹnu odò. Ó yọ afẹ́fẹ́ inú táyà iwájú, ó fi irin jan eyín bẹ́líìtì padà sáàyè rẹ̀, ó wá mú páǹpù ọwọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ afẹ́fẹ́ sí táyà, lọ́kọ̀ọ̀kan, tòsì tọ̀tún. Ìka rẹ̀ pọ́n, kò sinmi. Hosea ń wò ó, ó ń rò ó pé ọmọ òun ríyàwó fẹ́, òun ò sì sọ ọ́ rí.

Nígbà tó ṣe tán, ó fọwọ́ pa ajá lórí.

“O ṣé o, Maskwa,” ló wí. “Ìwọ lo pè mí. Ká ní o ò pariwo ni, odò ti gbé wa lọ.”

Hosea gbọ́, ó sì yé e. Obìnrin náà ti bo àṣírí rẹ̀. Hosea ò mọ ìgbà tó gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí atẹ́gùn òtútù lè gbẹ omijé rẹ̀.

Wọ́n dé ibùdó kí oòrùn tó mú. Ernestine fi ṣọ́bìrì kó yìnyín kúrò lára àgbélébùú Adeline, ó wá lọ gé ẹ̀ka igi tó máa fi sábẹ́ bẹ́líìtì, kó má bàa dì mọ́lẹ̀. Ó kọ ẹ̀yìn sí bàbá ọkọ rẹ̀ kí àgbàlagbà náà lè ráyè sunkún.

“Mo dé o,” ni Hosea wí fún aya rẹ̀.

Ó dúró, ó ń wo sánmà. Ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti bà á. Etí rẹ̀ kò gbọ́ pẹ́pẹ́yẹ láti òkèèrè mọ́, ojú rẹ̀ ò sì tètè rí wọn. Adeline ló máa ń fọwọ́ kàn án ní gbogbo ọdún pé wọ́n ń bọ̀. Kò rántí èyí nígbà tó ń ṣèlérí. Wọ́n lè ti kọjá báyìí, kó dúró síbẹ̀ bí òmùgọ̀, kó má mọ̀.

Ernestine gbórí sókè níbi tó ti ń gé igi. Ó wo Maskwa, tó jókòó sáàrin wọn, tó na etí. Ó ju àáké sílẹ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ ajá kọjá, ó wá dúró ti àgbàlagbà náà.

“Bàbá,” ló wí, “wọ́n ti dé.”

Hosea ò wo ẹ̀yìn. “Níbo?”

“Lókè igi gíga yẹn, lápá gúúsù. Ẹ wo ọwọ́ mi. Wọ́n pọ̀ jọjọ.”

Ó wò títí, ó wá rí wọn bí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan lójú ọ̀run. Omi dà lójú rẹ̀, kò nù ún.

“Mo rí wọn, ọmọ mi. Mi ò kàn gbọ́ wọn ni.”

Ernestine fi ọwọ́ méjèèjì ká ẹnu, ó sún mọ́ etí rẹ̀, ó sì ké bí pẹ́pẹ́yẹ igbó, ó ké e ní àkétúnké, títí ẹyẹ tó ṣíwájú lókè fi yí apá padà sọ́dọ̀ wọn.