Ẹni Tó Ń Dúró Lẹ́nu Ọ̀nà Ilé Ìdáná

Ìyàwó mi, Marlys, fẹ́ràn fíìmù tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Mi ò fi bú u o. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì láti ilé ìkàwé tó ti ń ṣiṣẹ́ a máa gbé gúgúrú sọ̀kalẹ̀ lọ sí yàrá abẹ́ ilé wa, wọn a sì máa pariwo bí ẹni tí ejò ṣán. Nígbà kan mo lọ yọjú wò wọ́n. Ilẹ̀kùn ni wọ́n ń wò. Ilẹ̀kùn náà wà ní títì, àwòrán ń gbọ̀n, ẹnì kan sì ń mí hẹlẹhẹlẹ lẹ́yìn kámẹ́rà. Mo dúró títí kí n lè rí ohun tó máa jáde. Nǹkan kan ò jáde. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti dì mọ́ra wọn.

Wọ́n máa ń ṣe irú fíìmù yẹn bí ẹni pé ẹnì kan ló ń ya ara rẹ̀ nílé, tí nǹkan wá ṣe é, tí àwọn ẹlòmíràn sì rí fídíò náà he. Mo bi Marlys pé, "Ẹni tó rí nǹkan he tó fẹ́ kú, ẹni tó sọ ọ́ nù ńkọ́?"

Ó ní, "Ẹni tó sọ ọ́ nù ti kú, Wendell. Adùn ibẹ̀ nìyẹn."

"Ẹ̀rù wo ló wá wà lára ilẹ̀kùn?"

"Tó bá jẹ́ fíìmù olówó ńlá, o mọ̀ pé irọ́ ni. Iná á mọ́lẹ̀ jù, obìnrin á ti kun ojú kí wọ́n tó pa á. Ṣùgbọ́n tí àwòrán bá ń gbọ̀n, tí o rí abọ́ tí wọn ò tí ì fọ̀, ara rẹ á sọ fún ọ pé ilé ẹnì kan nìyí. Bóyá ilé tìrẹ."

Mo ní abọ́ tí a ò tí ì fọ̀ pọ̀ nílé wa lóòótọ́. Bí ọ̀rọ̀ ṣe di pé kó ṣe fíìmù tirẹ̀ nìyẹn.

Ó ra kámẹ́rà àlòkù níwájú ilé aládùúgbò kan tó ń kó ẹrù rẹ̀ tà. Òun àti èmi nìkan ni òṣèré. Ó ní obìnrin kan ló wà nínú ìtàn náà, tó fura pé nǹkan kan wà nínú ilé òun. Mo béèrè ibi tí nǹkan náà máa gbà wọlé, ó ní òun ò ní sọ. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Wọn kì í jẹ́ kí òṣèré mọ̀, kí ẹ̀rù rẹ̀ má bàa jẹ́ ẹ̀rù àdìbọ́n.

"Má wo kámẹ́rà," ó ní. "Má ṣeré rárá. Wọlé bí o ṣe ń wọlé, jẹun bí o ṣe ń jẹun."

Iṣẹ́ yẹn ò le. Ní gbogbo ìgbà òtútù, mo ń ti ibi iṣẹ́ dé, mo ń wọlé, mo ń jẹun. Nígbà mìíràn kámẹ́rà á wà lórí fíríìjì, nígbà mìíràn á wà lọ́wọ́ Marlys. Èmi ni mo ń ki bátìrì rẹ̀ síná kó lè kún, torí obìnrin yẹn kì í rántí. Ojoojúmọ́ ni mo ń retí nǹkan náà. Mo tilẹ̀ ń fi díńgí ọkọ̀ kọ́ bí n ó ṣe lanu nígbà tó bá yọ sí mi. Burt, tí àwa méjèèjì jọ ń wa ọkọ̀ tó ń gbá yìnyín kúrò lójú títì, ká mi mọ́ ibẹ̀.

"Òṣèré pàtàkì!" ó ní. "Ṣé wọ́n máa pa ọ́ nínú ẹ̀?"

"Mi ò mọ̀."

"Wọ́n á pa ọ́. Onírùngbọ̀n bíi tìẹ kì í pẹ́ nínú fíìmù."

Yìnyín yọ́ tán, nǹkan kan ò yọ sí mi. Marlys ní a ti parí. Mo rò pé kọ̀ǹpútà ni yóò fi ṣe iwin náà, mi ò sì bi í mọ́.

Ní Sátidé tó ṣáájú Halloween, ọdún tí wọ́n fi ń ṣeré iwin àti ẹ̀rù, wọ́n fi fíìmù náà hàn ní gbọ̀ngàn àwọn panápaná. Ọ̀sán ni, torí wọ́n fẹ́ ta tẹ́tẹ́ bíńgò níbẹ̀ lálẹ́. Òórùn ẹja díndín àná ṣì kún ibẹ̀. Gbogbo èèyàn tí mo mọ̀ ló wá. Màmá Heikkinen, tí mo máa ń gbá yìnyín iwájú ilé wọn, jókòó tì mí.

Iná kú. Ilé ìdáná wa ló yọ. Ohùn Marlys ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lẹ́yìn kámẹ́rà: "Ó ti dé." A gbọ́ ìró ọkọ̀ níta. Ilẹ̀kùn ṣí, èmi nìyẹn, pẹ̀lú ẹ̀wù òtútù àti fìlà. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Mo dúró. Mi ò kí ẹnikẹ́ni, mi ò bọ́ fìlà, mo kàn ń wo iwájú. Àwòrán ń gbọ̀n. Èmi ń wo ẹ̀gbẹ́ fíríìjì, torí mo rò pé ibẹ̀ ni iwin máa gbà yọ. Mo ṣì wà ní ìdúró nínú àwòrán náà nígbà tí Màmá Heikkinen kígbe "Yéè!" tí wọ́n gbá mi lápá mú. Nígbà tó yá wọ́n wo ẹni tí wọ́n dì mú. Wọ́n rọra jọ̀wọ́ apá mi.

Ìgbà yẹn ló tó yé mi pé kò sí iwin kankan tó ń bọ̀.

Gbogbo fíìmù náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkùnrin á wọlé, á dúró. Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í yí ayé rẹ̀ padà nítorí ìdúró yẹn. Ó gbé àga rẹ̀ kúrò ní ojú ọ̀nà. Ó ń bu ọbẹ̀ ẹran àgbọ̀nrín sílẹ̀ kí ọkùnrin tó dé, á sì sáré sọ̀kalẹ̀ lọ sí yàrá abẹ́ ilé, á máa gbọ́ ẹsẹ̀ lókè orí rẹ̀. Àwọn èèyàn ń bo ojú. Èmi rántí ọbẹ̀ yẹn. Mo rántí pé èmi nìkan ló jẹ ẹ́, àti pé lọ́jọ́ náà kámẹ́rà ò sí lórí fíríìjì, n kò sì mọ̀ pé Marlys ti gbé e sọ̀kalẹ̀ lọ, tó ń ya nǹkan. Inú mi bàjẹ́ gan-an.

Wọ́n tan iná, wọ́n pàtẹ́wọ́. Burt ti ẹ̀yìn kígbe: "Iwin! Ìwọ tá a jọ ń jẹun!" Ọ̀dọ́mọbìnrin kan wá bi Marlys bó ṣe kọ́ mi tí mo fi mọ ìdúró yẹn dójú àmì.

"Mi ò kọ́ ọ," Marlys ní. "Bó ṣe ń wọlé nìyẹn."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin ńkọ́, sà? Kí lẹ ń rò lọ́kàn tẹ́ ẹ bá dúró?" ọ̀dọ́mọbìnrin náà bi mí.

"Mo ń dúró de iwin," mo ní. Wọ́n tún pàtẹ́wọ́.

Nígbà tí a délé, Marlys ti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná kọjá, èmi ò lè kọjá. Ẹnu ọ̀nà ilé mi, mi ò mọ bí èèyàn ṣe ń gba ibẹ̀ mọ́. Tí mo bá dúró, mo di ẹni inú fíìmù. Tí mo bá sáré wọlé, ó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

"Etí mi ni," mo ní.

"Kí ló ṣe etí ẹ?"

"Irin iwájú ọkọ̀ tí mo fi ń gbá yìnyín, tó máa ń ha títì látàárọ̀. Tí mo bá dé, ó ṣì máa ń ha nínú etí mi. Mo máa ń dúró kó dákẹ́ kí n tó kí ọ, kí n má bàa jágbe mọ́ ọ."

Ó wò mí. "Látọjọ́ yìí, Wendell?"

"Látọjọ́ yìí."

"O ò sì lè sọ?"

"Mo rò pé o mọ̀ ni. Mo rò pé ìdí tí o fi máa ń dákẹ́ nìyẹn."

Ó fa àga kan, kò jókòó. Mo bi í ní ohun tí mo ti ń gbé mì láti gbọ̀ngàn: "Marlys, ṣé ẹ̀rù mi máa ń bà ọ́?"

"Tí kámẹ́rà bá wà lọ́wọ́ mi," ó ní, "kì í bà mí."

Mo wo orí fíríìjì. Kámẹ́rà wà níbẹ̀, ó ti kú fin-ín. Mo rọra wọlé, mo bọ́ fìlà mi, mo yọ bátìrì rẹ̀, mo ki í síná. Marlys jókòó. Èmi náà fa àga, mo jókòó síbi tó ti lè rí mi dáadáa, a sì jọ ń dúró kí bátìrì náà kún.