Ojú Ẹni Tó Ń Ti Igi

“Ṣé ẹ̀yin lẹ dúró lódìkejì ayùn nígbà tó ṣẹlẹ̀?”

Ọkùnrin tó béèrè ọ̀rọ̀ yìí ti ọ́fíìsì ìjọba wá. Ó kéré sí Tíṣà lọ́jọ́ orí, ó sì fi ọ̀wọ̀ bi í. Ilé ìlagi náà dákẹ́ rọ́rọ́, ohun tí kì í ṣẹlẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ iṣẹ́. Wọ́n ti gbálẹ̀, wọ́n ti da ìyẹ̀fun igi tuntun sórí ibi tí ẹ̀jẹ̀ wà, mánẹ́jà sì dúró sẹ́yìn àlejò, ó káwọ́ sẹ́yìn bí ẹni tó wá bá wọn ṣọ́ ọmọ níbi ìdánwò.

Tíṣà dáhùn pé òun ni.

Kò sí ẹlòmíràn tó lè jẹ́. Ẹni méjì ní í lagi nídìí ayùn ńlá: ọ̀kan ń ti igi lọ, ìkejì ń gbà á bó ṣe ń jáde. Ariwo ẹ̀rọ kì í jẹ́ kí wọ́n gbóhùn ara wọn, nítorí náà ojú ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀. Bí igi bá ní kókó nínú, ìpéǹpéjú ni ọ̀kan yóò fi sọ fún èkejì. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, Tíṣà mọ ojú Aláwàdà, ẹnìkejì rẹ̀ tó ń ti igi, ju ojú ìyàwó ara rẹ̀ lọ. Bí Aláwàdà bá fẹ́ ṣe ẹ̀fẹ̀, á kọ́kọ́ yínmú, Tíṣà á sì ti máa rẹ́rìn-ín kí ẹ̀fẹ̀ tó dé. Àwọn òṣìṣẹ́ tó kù lè sọ ohun tí wọ́n gbọ́ àti ohun tí wọ́n bá nílẹ̀. Ohun tó wà lójú ọkùnrin náà nígbà tí igi ta padà lù ú láyà, Tíṣà nìkan ló rí i.

Kò kọ́ ọmọ kankan níwèé rí o. Kíláàsì Bíbélì ló ń kọ́ ní ìjọ láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, orúkọ náà sì tẹ̀lé e dé ibi iṣẹ́. Ẹ̀kọ́ tó fẹ́ràn jù ni ẹ̀kọ́ lórí òtítọ́. Bó bá dé ibẹ̀, á ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a, àwọn àgbàlagbà inú kíláàsì á sì máa mi orí bíi pé wọn ò gbọ́ ọ rí. Kò sọ fún wọn rí ohun tí ẹni tí wọ́n purọ́ mọ́ yóò máa jẹ láàárín ogún ọdún náà.

Ohun tó rí nìyí. Ìdérí irin tó yẹ kó wà lórí ayùn kò sí níbẹ̀. Mánẹ́jà ló ní kí wọ́n tú u nígbà tí àwọn igi ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, torí igi ńlá kì í gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, títú u àti dídè é padà sì ń jẹ àsìkò. Aláwàdà ti ṣàròyé títí, wọ́n ní ṣé ó fẹ́ kọ́ wọn níṣẹ́ ni. Lọ́jọ́ náà, ojú rẹ̀ là kedere. Ó ti yínmú, ẹ̀fẹ̀ kan ń bọ̀. Igi há, ó ta padà. Ẹ̀fẹ̀ náà ò dé.

Mánẹ́jà ti pe Tíṣà sí ọ́fíìsì láàárọ̀, kí àlejò tó dé. Kò ní kó purọ́. Ẹni tó kàwé ni mánẹ́jà, kì í ní kí ènìyàn purọ́. Ó fún un lágà, ó béèrè àlàáfíà ọmọ rẹ̀ tó wà ní yunifásítì, ó ní bí ìjọba bá ti ilé iṣẹ́ pa, gbogbo wọn ló ń lọ sílé, kì í ṣe òun nìkan. Ó ní ẹni tó kú ti kú, kò sì sí ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni lè sọ tó máa jí i. Tíṣà jù ú lọ dáadáa lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n ipò ni mánẹ́jà fi ń bá a sọ̀rọ̀.

“Ohun tó o bá rí ni kó o sọ, Tíṣà. Àmọ́ rò ó dáadáa. Ẹni tó ń tòògbé lórí ìdúró, ṣé gbogbo ìgbà lojú ẹ̀ máa ń pa dé?”

Tíṣà ní kì í ṣe gbogbo ìgbà.

“Ṣé o rí i,” ni mánẹ́jà wí, bí ẹni pé àwọn méjèèjì ṣẹ̀ṣẹ̀ jọ yanjú ìṣirò kan tó le.

Nídìí ayùn, àlejò wá béèrè bóyá ìdérí wà lórí rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Tíṣà wo ayùn. Ìdérí wà lórí rẹ̀ báyìí. Wọ́n ti dè é padà láàárọ̀ kùtù, wọ́n tilẹ̀ ti fi òróró pa á kó lè máa dán. Ó ní ó wà níbẹ̀. Àlejò ní kí ló wá ṣe ọkùnrin náà. Tíṣà ṣàkíyèsí pé ọwọ́ òun ti kú, bí ọwọ́ tí ènìyàn fi ṣe ìrọ̀rí.

“Ó ti rẹ̀ ẹ́,” ló wí. “Oorun wà lójú ẹ̀.”

Ó retí kí nǹkan kan gún òun láyà. Kò sí ohun tó gún un. Ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ bí ẹni tó ń gbọ́ rédíò aládùúgbò láti ẹ̀yìn ògiri. Àlejò dúpẹ́, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó sì bá mánẹ́jà lọ mu nǹkan tútù.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ilé iṣẹ́ kéde pé ẹni tó bá sùn nídìí ayùn ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ara rẹ̀, wọn ò sì jẹ ìyàwó rẹ̀ ní gbèsè kankan. Yàrá tí Aláwàdà àti ìdílé rẹ̀ ń gbé, ti ilé iṣẹ́ ni, ògiri kan ló pààlà láàárín rẹ̀ àti ti Tíṣà. Wọ́n ní kí opó náà kó jáde níparí oṣù. Ní ti Tíṣà, wọ́n fi í ṣe olórí àwọn òṣìṣẹ́, kò dúró nídìí ayùn mọ́. Gbogbo àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ló mọ̀ pé ìdérí kò sí lórí ayùn lọ́jọ́ náà. Wọ́n ń kí i pé ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ la ń ra èké. Ó dájú pé ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe yẹn ti gba owó oṣù rí.

Ọmọ rẹ̀ pè é lórí fóònù nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan láti kí i kú oríire. Filọ́sọ́fì ni ọmọ náà ń kà, ẹ̀kọ́ tí àwọn ọlọ́gbọ́n fi ń tú ohun tí gbogbo wa rò pé a ti mọ̀ wò. Tíṣà kì í sábà béèrè nípa rẹ̀, torí bó bá béèrè, àlàyé rẹ̀ kì í tán bọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ yìí, ó ní kí ni wọ́n ń kọ́ wọn báyìí. Ọmọ ní ọ̀rọ̀ òtítọ́ ni. Ó ṣàlàyé pé àwọn kan ní òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ tó bá bá ohun tó ṣẹlẹ̀ mu. Àwọn mìíràn ní ohun tí gbogbo ènìyàn bá fẹnu kò lé lórí ni. Àwọn kan sì tún wà tó ní ohun tó bá ti ń ṣiṣẹ́, tó ń mú ayé rọrùn, òtítọ́ nìyẹn. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí wọ Tíṣà létí. Ó béèrè pé bó bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ló rí nǹkan ńkọ́, tí onítọ̀hún ò sì sọ ọ́, ṣé òtítọ́ kankan ṣì kù níbẹ̀.

“Ó ṣì ṣẹlẹ̀ náà ni, Bàbá mi,” lọmọ náà wí. Ó rẹ́rìn-ín. “Àbí ẹ fẹ́ wá bá mi ṣe ìdánwò ni?”

Bàbá rẹ̀ náà rẹ́rìn-ín. Ó ní kó máa kàwé rẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ìyàwó Aláwàdà kanlẹ̀kùn, tòun ti ọmọ rẹ̀ kékeré lẹ́yìn. Ìyàwó Tíṣà gbé àga fún un, ó sì padà sídìí ìkòkò. Obìnrin náà kúnlẹ̀ kí Tíṣà kó tó jókòó. Ó ní mánẹ́jà ti sọ ọ́ fún òun, àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ òun ti sọ ọ́, ṣùgbọ́n gbogbo wọn, ẹnu ẹlòmíràn ni wọ́n ti gbọ́ ọ.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ rí ojú ẹ̀. Kò sẹ́ni tí ò mọ̀ pé ẹ kì í purọ́. Ṣé lóòótọ́ loorun wà lójú ẹ̀?”

Ibi tó yẹ kó ti sọ ọ́ nìyí. Mánẹ́jà ò sí níbẹ̀, àlejò ìjọba ò sí níbẹ̀, ìyàwó rẹ̀ kọ̀yìn sí wọn. Gbólóhùn kan péré ni: ojú ọkọ rẹ là, ayùn ni ò ní ìdérí. Bó bá sọ ọ́, obìnrin yìí á mọ ọ̀nà ọ́fíìsì ìjọba, ó sì lè má kó jáde nílé. Òun náà á pàdánù iṣẹ́, ọmọ òun á pa ìwé tì. Tíṣà wá ẹ̀rù nínú ara rẹ̀, ó wá àánú, ó wá ìtìjú, kò bá ọ̀kankan. Inú rẹ̀ dà bíi yàrá tí wọ́n ti kó ẹrù kúrò.

“Oorun ni,” ló wí.

Obìnrin náà mi orí. Kò sunkún. Ó ní òun ti fura. Ọmọ ẹ̀yìn òun ń hu eyín lọ́sẹ̀ náà, ara rẹ̀ gbóná, kò yé ké. Lóru tí ilẹ̀ ọjọ́ náà fi mọ́, òun ló gbé e fún ọkọ òun pé kó bá òun gbé e rìn káàkiri inú ilé, kí òun lè fojú kan oorun díẹ̀. Ọkọ òun ní òun ń lọ síṣẹ́ láàárọ̀, òun sì dá a lóhùn pé ṣé òun nìkan lòun dá bí i ni.

“Ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí i nìyẹn,” ló wí. “Mo wá sùn. Mo sùn gan-an ni.”

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Tíṣà pé kò fi òótọ́ pa mọ́ fún òun. Nígbà tó jáde, ìyàwó Tíṣà bu oúnjẹ ọkọ rẹ̀ wá, ó gbé e síwájú rẹ̀, kò sì wò ó lójú. Tíṣà jẹun. Kò mọ̀ bóyá iyọ̀ wà níbẹ̀ tàbí kò sí.

Ẹnu obìnrin náà fúnra rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀. Ẹyin lohùn, ó sì ti balẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ ránṣẹ́ pé obìnrin tí kò jẹ́ kí ọmọ òun sùn kò gbọdọ̀ gbẹ́sẹ̀ wá sílé òun. Ó ní kó kó àwọn ọmọ tó ti dàgbà díẹ̀ wá, kó sì máa gbé èyí tó kù lẹ́yìn rẹ̀ lọ síbi tó bá wù ú. Àbúrò ọkọ rẹ̀ ló wá mú àwọn ọmọ náà. Ìyá wọn di aṣọ wọn fún wọn láìjiyàn, ó sì kìlọ̀ fún àgbà wọn pé kó máa rí i pé àbúrò rẹ̀ ń tètè sùn. Tíṣà dúró lójú fèrèsé, ó wò wọ́n títí wọ́n fi yà ní kọ̀rọ̀. Ó mọ̀ pé ó yẹ kó dun òun.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó ṣáájú ọjọ́ tí opó náà yóò kó jáde, olùṣọ́-àgùntàn béèrè ẹni tó bá ní ẹ̀rí. Ìyàwó Aláwàdà dìde, ó tún ọmọ gbé sẹ́yìn dáadáa, ó rìn lọ síwájú.

“Mo fẹ́ jẹ́wọ́ níwájú Ọlọ́run àti níwájú yín,” ló wí. “Èmi ni mo pa ọkọ mi. Mi ò jẹ́ kó sùn.”

Àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìlagi kún ìjókòó ẹ̀yìn, gbogbo wọn ń wo bàtà ara wọn. Àwọn obìnrin kan ń káàánú rẹ̀, wọ́n ń rọra pòṣé. Olùṣọ́-àgùntàn yìn ín. Ó ní òtítọ́ korò, pàápàá èyí tí ènìyàn bá ní láti sọ nípa ara rẹ̀, ó sì ní ìjọ lè rí ẹ̀kọ́ kọ́ lára arábìnrin yìí. Ó wá ní kí Tíṣà bọ́ síwájú, òun tó jẹ́ ọ̀rẹ́ olóògbé, kó gbàdúrà ìdáríjì fún un.

Tíṣà bọ́ síwájú. Obìnrin náà kúnlẹ̀. Tíṣà gbé ọwọ́ lé e lórí, ọwọ́ náà kò mọ̀ bóyá orí gbóná tàbí ó tutù.

“Olúwa,” ló wí, “dárí jì í.”

Gbogbo ìjọ ṣe àmín, ti obìnrin náà ló sì ròkè jù. Ó dìde, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Tíṣà, ó padà sí àyè rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ tó ti sùn lẹ́yìn rẹ̀. Olùṣọ́-àgùntàn béèrè bóyá ẹlòmíràn tún ní ẹ̀rí. Kò sẹ́ni tó dìde.