Fífọ̀ Ẹ̀ẹ̀mẹta

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kò mọ nǹkan kan nípa oògùn ṣíṣe, ṣùgbọ́n kò sí nọ́ńbà tí kò mọ̀ nínú àwọn oògùn tí mò ń ṣe. Télọ̀ ni, nọ́ńbà ló fi ń jẹun, kì í gbàgbé. Bí mo bá ti yọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kí n tó kúnlẹ̀ kí i tán, á ti pe orúkọ ìnagijẹ tó fún mi, á ní, "Onígò, Méjìdínlógún ńkọ́?" Màá ní Méjìdínlógún ti kú, kò yọ́ nínú omi. Á gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ, á káwọ́ lérí bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún, á ní, "Ó mà ṣe o. Ọmọ dáadáa ni." Lẹ́yìn náà á tún bẹ̀rẹ̀ sí í ránṣọ.

Iṣẹ́ tiwa náà kò le yé èèyàn. Ohun kan wà nínú kíndìnrín tó jẹ́ pé bó bá ń ṣiṣẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, ara kíndìnrín á máa di àpá díẹ̀díẹ̀, títí tí kò fi ní lè sẹ́ ẹ̀jẹ̀ mọ́. À ń wá oògùn tó máa pa nǹkan yẹn lẹ́nu mọ́. Èmi ni mò ń po èròjà. Màá yọ díẹ̀ níbí, màá fi díẹ̀ kún un lọ́hùn-ún, màá fún un ní nọ́ńbà, màá sì gbé e lọ fún Ìyá Ìwọ̀n, obìnrin àgbà tó ń bá wa dán gbogbo rẹ̀ wò nínú àwo pẹlẹbẹ kan tó kún fún ihò wẹẹrẹ. Ìmọ́lẹ̀ kékeré wà nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Bí oògùn bá ṣiṣẹ́, ìmọ́lẹ̀ á kú. Bí kò bá ṣiṣẹ́, ihò á máa wò ẹ́ yanranyanran bí ojú ẹni tí kò nítìjú, ìwọ náà á sì lọ fọ àwọn gíláàsì rẹ. Ogójì ìgbà ni mo lọ fọ gíláàsì.

Mọ́kànlélógójì ló pa iná. Gbogbo ihò tí a fi í sí ló ṣókùnkùn, kódà nígbà tí a bu omi là á títí tó fi fẹ́ẹ̀ jẹ́ omi lásán. Ọ̀gá wa, tí a máa ń pè ní Ẹ̀rí-Dà bí kò bá sí nítòsí, nítorí pé èèyàn kò lè sọ fún un pé òjò ń rọ̀ kó má béèrè ẹ̀rí, ọkùnrin yẹn rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Mo rí eyín rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ẹnu mi kò lè gba ọ̀rọ̀ náà dúró. Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo sáré lọ sọ fún ẹ̀gbọ́n mi.

"Mọ́kànlélógójì?" ó ní. "Ìyàwó mi nìyẹn."

Láti ìgbà náà, kì í bi mí ní nọ́ńbà mọ́. "Ìyàwó mi ńkọ́?" ni. "Ìyàwó mi jẹun? Ẹ má jẹ́ kó tutù o."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀. Kíndìnrín ẹ̀gbọ́n mi méjèèjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di àpá tán. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní ọsibítù, wákàtí mẹ́rin mẹ́rin, èmi á sì jókòó tì í. Dókítà ti pè wá, ó ní ọkàn rẹ̀ ti ń rẹ̀, pé bó bá fi di ọdún tó ń bọ̀, kò ní lè gba iṣẹ́ abẹ kankan mọ́; bí ẹnì kan bá máa fún un ní kíndìnrín, àsìkò nìyí. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, ó bá tirẹ̀ mu. Mo ní kí wọ́n yọ ọ̀kan, mo ní kí wọ́n yọ ọ́ lọ́la. Ẹ̀gbọ́n mi fárí gá. Ó ní, "Èmi tí mo pọ̀n ọ́, tí mo fi abẹ́rẹ́ àti òwú tọ́ ọ dé iléèwé gíga, èmi náà ni màá wá ní kí wọ́n la ìhà ẹ nítorí tèmi?" Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Ó kù díẹ̀ kó gbà. Ó ti ń sọ pé òun máa rò ó.

Ìgbà tí Mọ́kànlélógójì dé, ó ní kò sóhun tí òun ń rò mọ́. "Kí ni mo fẹ́ fi tìẹ ṣe? Ìyàwó mi ń bọ̀ lọ́nà."

Èmi kò dá a lóhùn. Ibẹ̀ ni mo ti ṣẹ̀ ẹ́. Oògùn tó pa iná nínú àwo kì í dé ẹnu èèyàn lọ́dún yẹn. Ó máa wọ ara eku ná, á tún wọ ara ẹranko mìíràn, á wá kan èèyàn díẹ̀ tí ara wọn le, á wá kan aláìsàn, bí kò bá tiẹ̀ kú sójú ọ̀nà, bí ọ̀pọ̀ jù ṣe máa ń kú. Ọdún mẹ́wàá ni, nígbà mìíràn ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo mọ̀ bí mo ṣe mọ orúkọ mi. Ṣùgbọ́n ó ń rẹ́rìn-ín, mi ò sì lè pa ẹ̀rín náà.

Ó tiẹ̀ gé aṣọ. Aṣọ aláwọ̀ búlúù kan tó ti tọ́jú pẹ́, ó fi rán kaba fún mi, ó ní èyí ni màá wọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá mú ìyàwó òun wálé. Ó gbé e kọ́ sára ògiri lẹ́yìn ẹ̀rọ. Ìṣẹ́po etí ìsàlẹ̀ nìkan ló kù.

Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, Ẹ̀rí-Dà ní kí n ṣe Mọ́kànlélógójì tuntun, púpọ̀, èyí tó máa tó fún àwọn eku. Ọjọ́ Ẹtì ni ìpàdé tí wọ́n ti máa fọwọ́ sí i. Mo fara balẹ̀ ṣe é. Ìpele tó kẹ́yìn, ìyẹ̀fun síńkì la máa ń lò, irin yẹn gan-an tí wọ́n ń fi bo páànù kó má dógùn-ún. Síńkì máa ń lẹ̀ mọ́ oògùn, nítorí náà omi kan wà tó máa ń kó o kúrò, ẹ̀ẹ̀mẹta la sì gbọ́dọ̀ fi fọ oògùn. Bí ẹnì kan bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé iṣẹ́, èmi ni mo máa ń kọ́ ọ. Màá fi ìka mẹ́ta hàn án: ẹ̀ẹ̀mẹta. Mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, mo gbé e fún Ìyá Ìwọ̀n.

Ìyá Ìwọ̀n kì í wá síbi tábìlì mi, ẹsẹ̀ ń dùn ún. Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, òun ló rìn wá.

"Ọmọ mi," ó ní, "iná ò kú o."

"Ẹ bá mi tún un ṣe, Mà."

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti tún un ṣe. Mo lo àwo tuntun. Kò pa iná kankan." Ó jókòó sórí àga mi. "Kí ló yàtọ̀ nínú èyí àti ti ìjelòó?"

Mo ṣí ìwé iṣẹ́ mi, èyí tí a máa ń kọ ohun tí a bá ṣe lójoojúmọ́ sí. Mo wá ojú ewé ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣe Mọ́kànlélógójì kàn. Ọwọ́ mi ló kọ ọ́, kò sẹ́ni tó lè sọ pé ọwọ́ ẹlòmíì ni: Fífọ̀, ẹ̀ẹ̀kan. Á tó.

Á tó! Mo rántí ọjọ́ náà. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, ọjọ́ ẹ̀rọ. Mo ń wo aago, mo ń sáré kí n lè lọ jókòó ti ẹ̀gbọ́n mi ní ọsibítù. Àwọn nọ́ọ̀sì tí kò mọ̀ ọ́n rí ń fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, wọn ò fo ọjọ́ kan rí. Èmi àbúrò rẹ̀, tí mò ń sáré lọ wo bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo fọ oògùn rẹ̀. Inú bí mi débi pé mi ò lè sunkún.

Mi ò ní purọ́, ohun mìíràn wá sọ́kàn mi. Ti ìjelòó ṣì kù nínú ìgò rẹ̀. Ó tó láti fi pa iná lójú gbogbo wọn lọ́jọ́ Ẹtì. Mo lè sọ pé èyí tuntun ló bàjẹ́. Ìyá Ìwọ̀n á gbà mí gbọ́, ẹ̀gbọ́n mi á sì máa rẹ́rìn-ín lọ. Ìṣẹ́jú bíi mélòó kan ni mo fi jókòó ti ìgò yẹn, mo sì mọ̀ pé bí mo bá gbé e, èmi ni mo pa ẹ̀gbọ́n mi.

Mo bu síńkì díẹ̀, mo fi ásíìdì díẹ̀ yọ́ ọ, mo bu omi là á, láìfi oògùn kankan sí i. Mo gbé e fún Ìyá Ìwọ̀n.

"Nọ́ńbà wo nìyí?"

"Kò ní nọ́ńbà, Mà."

Nígbà tí ó pè mí padà, ó yí àwo náà sọ́dọ̀ mi. Gbogbo ihò ló ṣókùnkùn. Irin páànù lásán ló ti ń pa iná fún wa láti oṣù mẹ́fà, tí a ń jó, tí a ń yọ̀.

"Ta ló máa sọ fún Ẹ̀rí-Dà?" Ìyá Ìwọ̀n béèrè.

"Èmi ni, Mà."

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo gbé ìwé iṣẹ́ mi sí iwájú ọ̀gá, mo ṣí i síbi "Á tó" yẹn, mo sì rò ó fún gbogbo ilé. Ó kà á pẹ́. Èmi ń retí pé á béèrè ẹ̀rí, kò béèrè. Ó ní, "Oṣù mẹ́fà," ó sì pa ìwé náà dé. Lẹ́yìn náà ó ní, "O ṣeun tó o sọ ọ́ fúnra ẹ. Lọ sinmi. Lọ́jọ́ Ajé, a ó padà sórí Ogójì." Bí ó bá bú mi, ì bá sàn.

Láti ibẹ̀ ni mo ti lọ sí ṣọ́ọ̀bù.

"Onígò! Ìyàwó mi ńkọ́?"

Mo kúnlẹ̀, mi ò dìde. "Bọ̀ọ̀dá, kò sí ìyàwó."

"Ó ti kú?"

"Kò fìgbà kankan wà." Mo sọ ti síńkì fún un, mo sọ ti fífọ̀ ẹ̀ẹ̀kan.

"Páànù?" ó ní. "Páànù orí ilé yìí?" Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ gbà mí o! Wọ́n fẹ́ fún mi ní páànù ṣaya!" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Mi ò bá a rín.

"Ọ̀rọ̀ ṣì kù, Bọ̀ọ̀dá. Ká tiẹ̀ ní òótọ́ ni, ọdún mẹ́wàá ni ì bá gbà kó tó dé ẹnu yín. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ látọjọ́ àkọ́kọ́."

Ẹ̀rín dá.

"Ọdún mẹ́wàá."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"O sì jẹ́ kí n máa dúró."

"Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín ni. Ó ti pẹ́ tẹ́ ẹ ti rẹ́rìn-ín kẹ́yìn."

Ó yíjú sí ẹ̀rọ rẹ̀, ó ń fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ láìsí aṣọ lábẹ́ abẹ́rẹ́. Ó ṣe é títí. "Èmi télọ̀," ó ní, "tí gbogbo ayé mọ̀ pé 'ẹ wá lọ́la' ni irọ́ wa. Ìwọ lo wá ń sọ fún mi pé kí n wá lọ́la. Oníbàárà tí mo bá gé aṣọ ẹ̀ kúrú, ọjọ́ náà ni mo máa ń sọ fún un."

"Ẹ má bínú sí mi, Bọ̀ọ̀dá. Ẹ gbà lọ́wọ́ mi. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ..."

"Dákẹ́. Mo mọ ìyókù."

Ó dìde. Ó na ọwọ́ sí ògiri, ó já kaba búlúù náà bọ́, ó jókòó, ó tẹ́ ẹ sórí itan, ó mú abẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó fi máa ń tú aṣọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í já òwú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, láti abíyá wá sísàlẹ̀. Mi ò ní kó má ṣe é. Aṣọ ìgbéyàwó tí kò ní ṣẹlẹ̀ ni, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni kó tú u. Mo dorí kodò, omi ń já bọ́ lójú mi sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ṣọ́ọ̀bù.

"Dìde," ó ní.

Mo dìde. Ó ti fi téèpù kọ́rùn.

"Gbápá sókè."

Ó wọn ìbàdí mi, ó wọn ìhà mi, ó fi ìka méjì há abẹ́ téèpù kó lè dẹ̀. Nọ́ńbà tó ń pè sábẹ́ ètè kò ṣìnà.

"Apá wo ni wọ́n máa ń gbà yọ kíndìnrín?" ó béèrè.

"Òsì, Bọ̀ọ̀dá."

"Màá fẹ̀ ẹ́ níbẹ̀. Ojú ọgbẹ́ ò fẹ́ aṣọ tó bá fún."

Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó fa ìlà sí ẹ̀gbẹ́ òsì aṣọ náà, ó ní kí n dúró jẹ́ẹ́.