Igi Ìwọ̀n Bàbá Ọláyanjú

Igi kan wà ní ṣọ́ọ̀bù Bàbá Ọláyanjú ní Ìsọlọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ti ilẹ̀kùn, ká má tilẹ̀ sọ pé kó fi dáná. Igi ìrókò ni, ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àti ààbọ̀, ọwọ́ ti lò ó títí ó fi ń dán. Òun ni wọ́n fi ń wọn àlàfo tó wà láàárín táyà méjèèjì ọmọlanke, gbogbo ọmọlanke tó sì ń kó aṣọ wọ ọjà Aswani, ìwọ̀n igi yìí ni. Ọ̀gá tó kọ́ Bàbá níṣẹ́ ló fi í sílẹ̀ fún un. Rélùwéè ni ọ̀gá náà ti ṣiṣẹ́ kó tó wá di jórinjórin. Bí ọmọṣẹ́ kan bá béèrè ìdí tí igi náà fi gùn tó bẹ́ẹ̀, Bàbá á ní, "Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bá a." Ọ̀rọ̀ parí nìyẹn.

Àjíbíkẹ́ ò tiẹ̀ béèrè rí. Ọdún mẹ́rin ló fi kọ́ iṣẹ́ irin lọ́dọ̀ Bàbá, òun nìkan ni obìnrin láàárín wọn. Nígbà tó dá ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sílẹ̀ lẹ́bàá Jakande, ó gé igi tirẹ̀ ní déédéé igi ọ̀gá rẹ̀, ó sì ń fi ṣiṣẹ́ lọ.

Ẹsẹ̀ Àyàntúndé ló là á lójú. Àbúrò rẹ̀ ni, alárù ni ní Aswani, ọmọlanke tí Àjíbíkẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ló sì ń tì. Lọ́jọ́ kan tí òjò rọ̀, táyà òsì kó sínú kòtò, béèlì aṣọ tí wọ́n tò ga ju orí ènìyàn lọ fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọmọlanke dojú dé, ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ sì kán sí ọ̀nà méjì. Àwọn èèyàn ní àmúwá Ọlọ́run ni. Àjíbíkẹ́ ní irọ́ ni. Ó ti lọ wo kòtò náà, ó sì ti yí ọmọlanke náà wò: ẹrù ga, táyà méjèèjì sún mọ́ra jù. Ó bú sẹ́kún lẹ́bàá ọ̀nà, inú sì bí i ju bó ṣe ń sunkún lọ. Ó búra pé ọmọlanke tóóró kankan kò tún ní í jáde lọ́wọ́ òun láéláé.

Ó lọ sọ fún ọ̀gá rẹ̀. Bàbá ò gbé ojú sókè níbi tó ti ń pọ́n irin.

"Àjíbíkẹ́, bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà."

"Bàbá, ẹ má bínú. Àkísà yẹn ló kán àbúrò mi lẹ́sẹ̀."

Bàbá tún tẹ irin mọ́ òkúta. Kò sí ẹni tó tíì dá a lóhùn bẹ́ẹ̀ rí.

Lọ́sẹ̀ kejì, Àjíbíkẹ́ lọ ra irin ní Òṣòdì, igi ìwọ̀n rẹ̀ wà lábẹ́ abíyá. Bó ṣe ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin àtijọ́, níbi tí koríko ti bò ó, ó rántí iṣẹ́ tí ọ̀gá Bàbá ṣe kó tó di jórinjórin. Ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró. Ó bẹ̀rẹ̀, ó tẹ́ igi náà sáàárín irin méjèèjì. Ó wọ̀ ọ́ géérégé, bí ìdérí ìkòkò. Àjíbíkẹ́ jókòó sórí òkúta, ó sì rẹ́rìn-ín ìbínú. Nítorí náà, ìwọ̀n ọkọ̀ ojú irin ni wọ́n ti ń lò látọjọ́ yìí fún ohun tó ń rìn nínú kòtò. Ojú irin tí ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ó fẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ dáadáa. Àwọn tó ni ìwọ̀n ti pa á tì, àwọn tó yá a lò ṣì ń júbà rẹ̀.

Nígbà tó délé, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó wọn bí kòtò ṣe jìn láti Jakande dé Aswani. Ó wọn bí béèlì mẹ́fà ṣe ga tó, ó wọn èjìká Àyàntúndé. Ọmọlanke tó ti ibẹ̀ jáde fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin àti ààbọ̀ láti táyà dé táyà. Ohun kan ṣoṣo tí kò wọ̀n ni géètì ọjà. Ẹ má bú u. Jórinjórin ọmọlanke wo ló wọn géètì rí? Ohun tí igi yẹn bá ti wọ̀n, ó di dandan kó wọlé.

Alhaji Tàjùdéèn, alága àwọn tó ń ti ọmọlanke, ti fún un ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan tí ọjà kún láti wá dán an wò. Tí ọmọlanke rẹ̀ bá gbé ẹrù wọlé tí kò dojú dé, òun ni gbogbo ẹgbẹ́ yóò máa gbé iṣẹ́ fún. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kó padà sí ìwọ̀n àtijọ́ tàbí kó wá iṣẹ́ mìíràn ṣe.

Ẹsẹ̀ Àyàntúndé ti ń jiná nígbà náà, ó sì ní òun fúnra òun ni yóò tì í. Ó gbé ọ̀pá tó fi ń ti abíyá lé orí béèlì, ó di ọmọlanke mú, ó fi í ṣe ọ̀pá, ó sì ń rọra tì í bọ̀. Gbogbo kòtò ni wọ́n kọjá. Wọ́n dé ẹnu géètì àwọn aláṣọ, táyà méjèèjì sì gbá òpó irin ọ̀tún àti tòsì lẹ́ẹ̀kan náà. Ọjà bú sẹ́rìn-ín.

Alhaji ń nu ojú rẹ̀. "Àjíbíkẹ́, ọmọdé kì í mọ ẹ̀kọ jẹ kó má ra á lọ́wọ́. Ẹ gbé e padà sí ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ lọ gé e kúrú."

"Mi ò ní gé e, Alhaji."

"Ṣé géètì ọjà ni ká wá gé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Àjíbíkẹ́ gbé ọwọ́ lé táyà ọmọlanke. "Mo ti tẹ́ igi tí ẹ ń bọ yẹn sórí ojú irin ní Òṣòdì, ó wọ̀ ọ́ géérégé. Ojú irin ò ní kòtò. Bí a ṣe ń ṣe é nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn. Ìjọba gan-an ti tẹ́ tuntun."

"Èyí tuntun ọ̀hún, wọ́n ní ìwọ̀n kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin àwọn òyìnbó láéláé ni. Kò sí ìwọ̀n tí kò níbi tó ti wá. Níbo ni tìrẹ ti wá?"

"Aswani ni mo wọ̀n, sà. Kòtò yín, ẹrù yín, ẹsẹ̀ àbúrò mi."

Ẹ̀rín wọlẹ̀. Bàbá Ọláyanjú jáde láàárín èrò, igi ìrókò wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tẹ́ ẹ sáàárín òpó méjèèjì, ó ku àtẹ́lẹwọ́ kan ní ọ̀tún, ó ku ọ̀kan ní òsì. Lẹ́yìn náà ló wo ẹsẹ̀ Àyàntúndé.

"Ẹ bá mi wá ayùn irin," ó wí.

Alhaji bọ́ síwájú. "Bàbá, ta ló fún yín láṣẹ láti gé òpó ọjà?"

"Ta ló fún mi láṣẹ lọ́jọ́ tí mo rì í mọ́lẹ̀ síbí?"

Alhaji yà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Nígbà tí ayùn dé, Àjíbíkẹ́ gbà á lọ́wọ́ Bàbá. Bàbá di òpó mú, òun ń gé e nídìí, òógùn ń wọ̀ ọ́ lójú, kò dúró nù ún. Nígbà tí òpó ṣubú, Àyàntúndé ti ọmọlanke wọlé. Kòtò kan wà lẹ́yìn géètì, táyà òsì kó sí i, béèlì fì, ó sì padà sípò.

Wọ́n dé iwájú ìsọ̀ tí wọ́n ń gbé ẹrù lọ. Ilẹ̀ ibẹ̀ dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀, ọmọlanke sì fẹ́ máa yí padà sẹ́yìn, Àyàntúndé kò sì lè fi ẹsẹ̀ rẹ̀ dá a dúró. Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi igi ìrókò náà há abẹ́ táyà, ó ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í já ẹrù.