Máńgòrò Tí Kò Mọ Ẹ̀ẹ̀rùn

Ọkọ wa, Àhmádù, ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbin máńgòrò ojúde wa ní Èsìẹ́. Ó kú kí igi tó so. Ọdún mọ́kànlá kọjá, ewé ṣú bí igbó, èso kan ṣoṣo ò sí níbẹ̀.

Abdulrasaq, ọmọ mi, dé láti Ìlọrin, ó ní ká gé e, kóun fibẹ̀ kọ́ ṣọ́ọ̀bù.

"Ìyá, ìbòòji lásán ni."

"Bàbá ẹ ló gbìn ín. Fún mi ní ẹ̀ẹ̀rùn kan sí i. Bí kò bá so, èmi fúnra mi á bá ọ di àáké mú."

Ẹnu mi ló le. Kí ló kù tí n kò tíì ṣe fún igi yìí?

Orogún mi, Ràfátù, ọmọ Ṣàárẹ́, ń wò mí bí mo ṣe ń ṣe àlùwàlá. Abẹ́ igi yẹn ni gbogbo ilé wa ti ń ṣe é, ìgbà márùn-ún lójúmọ́, kí oòrùn má baà pa wá. Gbogbo omi búta wa, gbòǹgbò ló ń mu ún.

"Ìyáálé, igi yìí ò mọ ẹ̀ẹ̀rùn rí. Ilẹ̀ gbọ́dọ̀ gbẹ kí máńgòrò tó yọ òdòdó. Ẹ̀yin lẹ ń fomi kẹ́ ẹ bà jẹ́."

"O fẹ́ kí òùngbẹ pa igi ọkọ wa?"

"Ṣé kí àáké pa á ló wù yín?"

Mo gbà fún un. Kì í ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́.

A kó búta lọ sẹ́yìn ilé ìdáná. Ọyẹ́ dé, ewé ń rọ, àánú igi ṣe mí. Ní ìdájí ọjọ́ kan, mo gbé búta, mo ń yọ́ lọ síbẹ̀.

"Ìyáálé! Ṣé igi náà fẹ́ kírun ni?"

Ràfátù ni! Mo fìdí jókòó gbì, omi dà sí mi lára. Ẹni tó bá rí mi á ní mo tọ̀ sáṣọ. A rẹ́rìn-ín títí ìrun Àsùbáà fi fẹ́ bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́.

Kí oṣù kejì tó parí, òdòdó bo gbogbo orí igi. Nígbà tí èso pọ́n, Abdulrasaq jẹ mẹ́rin láìsinmi, ó ní òun á wá ilẹ̀ mìíràn fún ṣọ́ọ̀bù.

Èyí tó kọ́kọ́ pọ́n, èmi ìyáálé kúnlẹ̀ gbé e fún Ràfátù.

"Háà! Ẹ dìde, ẹ má fi ẹ̀ṣẹ̀ sí mi lọ́rùn!"

Mo fẹ́ dìde, orúnkún kọ̀. Òun náà ló fà mí sókè, omi máńgòrò ń ṣàn lọ́wọ́ rẹ̀. Alihamudulilahi.