Ìwé Pélébé Ara Jákẹ́ẹ̀tì

Ẹni tó bá ti gbé aṣọ wá sọ́dọ̀ mi rí mọ̀ pé ẹnu mi kì í ṣe ẹnu kékeré. Alágbàfọ̀ ni mí, ọdún kẹtàlélógún rèé. Mo ń bá oníbàárà jà lórí àbàwọ́n, mo ń bá ẹ̀rọ ìfọṣọ jà, tí mi ò bá sì rí ẹni bá jà, mo ń bá rédíò jà. Ọjọ́ tí rédíò bá ti sọ pé àwọn gbájúẹ̀ fi fóònù gba owó lọ́wọ́ ẹnì kan, ẹ ó gbọ́ ohùn mi dé òdìkejì títì: "Òpònú! Ẹni tí kò bá gọ̀, ta ló máa fi fóònù lásán kó owó ẹ̀ lọ?" Ẹnu mi yìí náà ló ń sọ bẹ́ẹ̀, mi ò ní parọ́.

Èmi àti àbúrò ọkọ mi la jọ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Èmi wà níwájú pẹ̀lú káńtà àti àwọn ẹ̀rọ, òun wà ní yàrá ẹ̀yìn pẹ̀lú áyọ́ọ̀nù, fèrèsé kékeré kan la sì fi ń ti aṣọ síra wa. Wọn ò tíì bí i nígbà tí mo wọlé ọkọ. Ẹ̀yìn mi ló sùn dàgbà. Jẹ́jẹ́ là ń pè é, torí pé kó tó lọ ṣẹ́ẹ̀tì kan tán, èèyàn á ti sùn, á ti jí, ebi á sì ti tún máa pa á. Kì í gbé áyọ́ọ̀nù lé aṣọ láìka ìwé ara ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ariwo tí mo ti pa lé e lórí nítorí ìyẹn, Ọlọ́run nìkan ló lè kà á.

Iṣẹ́ ọkọ mi ni aṣọ lílọ̀ tẹ́lẹ̀. Nǹkan funfun kan ló bẹ̀rẹ̀ sí í bo ojú ẹ̀, ó mú ọ̀tún, ó kan òsì. Mi ò kà á sí, àfi ọjọ́ tó fi jákẹ́ẹ̀tì dúdú pọ̀ mọ́ ṣòkòtò búráùn, tó dì í fún oníbàárà kan, tíyẹn sì wọ̀ ọ́ lọ síbi tó ti fẹ́ wá iṣẹ́. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ ló kù, ojú òsì ni ká sì kọ́kọ́ ṣe, torí tó bá fi lè ju oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, òun ò ní lè fọwọ́ sọ̀yà mọ́ pé ojú náà á ríran. Oṣù mẹ́rìnlá la fi kó owó náà jọ sí báńkì. Ọjọ́ Ẹtì la fẹ́ san án. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀.

Mo ní láti sọ nǹkan kan nípa ọwọ́ mi o. Ní ṣọ́ọ̀bù wa, ohun tí oníbàárà bá sọ, bó ṣe ń jáde lẹ́nu ẹ̀ ni mo ń kọ ọ́ sórí ìwé pélébé: "Bọ́tìnì kẹta ti já. Yíǹkì dà sí àpò. Ó ń fẹ́ ẹ lọ́la." Màá fi abẹ́rẹ́ há a mọ́ aṣọ, màá sì tì í gba ojú fèrèsé. Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo ti ń ṣe é, ọwọ́ mi ò bi mí léèrè mọ́. Ìyá mi pè mí lọ́jọ́ kan, ọwọ́ mi kọ "orúnkún ń ro wọ́n" mọ́ ṣòkòtò oníṣòkòtò. Jẹ́jẹ́ ló dá a padà, ó ní òun ò rí ibi tó ti ń ro ó.

Aago mẹ́wàá ti lù díẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo tẹ́ jákẹ́ẹ̀tì olùkọ́ kan sórí káńtà, mò ń wo ọrùn ẹ̀, ni fóònù mi dún. Ohùn ọkùnrin ni, ohùn tó balẹ̀, tó dùn ún gbọ́. Ó pe orúkọ mi látòkèdélẹ̀, ó pe orúkọ ṣọ́ọ̀bù mi, ó pe nọ́ńbà ilé. Ó ní ọ́fíìsì owó orí lòun ti ń pè.

"Màmá, owó orí ọdún mẹ́ta wà lọ́rùn yín. Fáìlì yín ló wà níwájú mi yìí."

Mo ní, "Owó orí kẹ̀? Ọdọọdún ni mò ń san án. Rìsíìtì ẹ̀ wà nínú dúrọ́ọ̀ mi níbí."

"Ayédèrú ni rìsíìtì yẹn, màmá. Ẹni tó gba owó lọ́wọ́ yín ti wà látìmọ́lé. Àwọn ọlọ́pàá ti gbéra, láàárín wákàtí kan wọ́n á ti ilẹ̀kùn yín pa, ẹ̀yin náà á sì bá wọn lọ. Mo kàn ṣàánú yín ni mo fi pè. Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni, títí kan ọkọ yín, torí ìwádìí ń lọ lọ́wọ́. Ẹ má sì pa fóònù o. Tẹ́ ẹ bá pa á, ẹ ti sá lọ nìyẹn."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹnu mi tí ẹ mọ̀ yẹn, ẹ ò ní bá a níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. "Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹ ṣàánú mi, sà." Mò ń rí ọlọ́pàá níwájú káńtà, mò ń rí àwọn aládùúgbò tí wọ́n ń yọjú. Ó ní kí n ṣí báńkì mi lórí fóònù náà, ó pe nọ́ńbà àkáǹtì kan fún mi, ó ní ibẹ̀ ni ìjọba ti ń gba owó pàjáwìrì. Mo bi í bóyá ó lè jẹ́ ká dín in kù, torí ojú ọkọ mi. Ó ní ojú á dúró de ìjọba, ìjọba ò ní dúró de ojú. Ó yẹ kí n ti mọ̀ níbẹ̀. Mi ò mọ̀.

Gbogbo bó ṣe ń sọ̀rọ̀, ọwọ́ mi ń kọ ọ́ sórí ìwé. Mi ò rán an níṣẹ́. Ó kọ ọ́, ó fi abẹ́rẹ́ há a, ó ti jákẹ́ẹ̀tì olùkọ́ gba ojú fèrèsé. Mo pa dà sórí fóònù, mo tẹ nọ́ńbà àkáǹtì náà síbẹ̀ bó ṣe tún ń pè é, mo tẹ iye owó, gbogbo oṣù mẹ́rìnlá. Nọ́ńbà àṣírí mi nìkan ló kù. Mo ti tẹ méjì nínú mẹ́rin.

Jẹ́jẹ́ sáré. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: Jẹ́jẹ́ sáré! Ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn gbá ògiri gbàgà, ó já fóònù gbà lọ́wọ́ mi, ó sì pa á.

Mo figbe ta. "Ṣé orí ẹ dàrú ni? O fẹ́ kí wọ́n wá mú mi ni?"

Ó gbé jákẹ́ẹ̀tì náà sókè, ó wá ń ka ìwé ara ẹ̀ fún mi, bíi kó máa ka lẹ́tà fún àgbàlagbà. "Owó orí ọdún mẹ́ta. Rìsíìtì ayédèrú. Ọlọ́pàá, wákàtí kan. Má sọ fún ọkọ. Má pa fóònù." Ó gbójú sókè. "Àǹtí, ìjọba wo ló ń sá fún ẹlẹ́rìí? Ẹni tó ní ká má sọ fún ọkọ wa, ṣé ire ló fẹ́ ṣe fún wa?"

Fóònù tún dún. Ó dún lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Ó gbé e sínú dúrọ́ọ̀, ó mú rìsíìtì owó orí èṣí jáde níbẹ̀, ó sì fi fóònù tiẹ̀ tẹ nọ́ńbà tó wà lórí rìsíìtì. Ó ní, "Nọ́ńbà tí wọ́n fi pè yín kọ́ la máa fi wá ìjọba. Èyí tí ìjọba tẹ̀ síbí ni." Mo jókòó sórí apẹ̀rẹ̀ aṣọ ìdọ̀tí.

Obìnrin kan ló gbé e. Kí Ọlọ́run bá mi bù kún obìnrin yẹn. Kò kánjú, kò fi mí ṣẹ̀sín. Ó wo ìwé wọn, ó ní mi ò jẹ wọ́n ní kọ́bọ̀. Ó ní táwọn bá ní ọ̀rọ̀ pẹ̀lú èèyàn, lẹ́tà làwọn kọ́kọ́ ń kọ. Àwọn kì í fi ọlọ́pàá halẹ̀ lórí fóònù, àwọn kì í gba owó sí àkáǹtì ẹnì kan, àwọn kì í sì sọ fún èèyàn pé kó má bá ará ilé ẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó wá bi mí pé aago mélòó ni wọ́n pè, nọ́ńbà wo, kí ni wọ́n sọ, àkáǹtì wo. Ọkàn mi tó ń gbọ̀n, kí ló máa rántí? Ṣùgbọ́n gbogbo ẹ̀ ló wà lára jákẹ́ẹ̀tì. Nọ́ńbà tí wọ́n fi pè àti aago tí wọ́n pè nìkan la wò lórí fóònù mi.

"Màmá," obìnrin náà ní, "láti àárọ̀ tá a ti ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn èèyàn yìí, ẹ̀yin nìkan lẹ kọ àkáǹtì wọn sílẹ̀. Mò ń pe báńkì báyìí kí wọ́n tì í pa. Ṣé wọ́n ti ṣe irú ẹ̀ fún ẹlòmíì lọ́dọ̀ yín?"

Mo ní rárá o, èmi nìkan ni.

Jẹ́jẹ́ na ọwọ́. "Àǹtí, ẹ fún mi ní fóònù."

Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ, lórí apẹ̀rẹ̀ aṣọ ìdọ̀tí. Oṣù kẹjọ rèé tí wọ́n ti pe òun náà. Obìnrin ló pè é ní tiẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà: ọlọ́pàá, wákàtí kan, má sọ fún ẹnikẹ́ni. Owó tó ń tọ́jú láti fi gba ṣọ́ọ̀bù tara ẹ̀, gbogbo ẹ̀ ló fi ránṣẹ́. Nígbà tó sọ̀rọ̀ tán, mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún wa.

Ó ní, "Mo fẹ́ sọ. Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ sọ, rédíò ń sọ ti ẹnì kan, ẹ ní òpònú ni."

Ẹyin lohùn. Mo ti là á mọ́lẹ̀ lójú ọmọ tí mo pọ̀n, mi ò tiẹ̀ gbọ́ ìró ẹ̀. Ojú tì mí. Mo wá rò ó pé ọmọ yìí mọ irú ẹnu tí mo ní, ó mọ̀ pé tóun bá ti lè gbà mí, màá bi òun bóun ṣe mọ̀. Ó sì sáré wá. Mo dì mọ́ ọn tòun ti jákẹ́ẹ̀tì olùkọ́, mo sunkún sí i lára, la bá tún fọ jákẹ́ẹ̀tì náà.

Lọ́jọ́ kẹta, ọkùnrin kan pè. "Ọ́fíìsì owó orí ni mo ti ń pè, ma." Mo ní, "Ẹ kọ lẹ́tà!" mo pa á. Ó kọ ọ́. Òṣìṣẹ́ tòótọ́ ni o! Lẹ́tà náà ní wọ́n ti ti àkáǹtì yẹn pa, àti pé èèyàn méjì tó fowó síbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà ti rí tiwọn gbà padà. Ọjọ́ gbogbo ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun. Ti Jẹ́jẹ́ ò tíì jáde. Wọ́n ní àwọn ṣì ń wá a.

Mi ò sọ ìkankan fún ọkọ mi. Mo ní kó má lọ gbé ìpayà wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. A sanwó lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n sì ṣe é. Lọ́jọ́ tí nọ́ọ̀sì ṣí bàǹdéèjì, Jẹ́jẹ́ dúró lẹ́yìn mi. Ọkọ mi wo ògiri, ó wo ọwọ́ ara ẹ̀, ó wá wò mí.

"O ti dàgbà o," ó ní.

Mo ní, "Ẹ ò tíì rí ara yín."

Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó wá di ọwọ́ mi mú. "Ìyàwó mi, o ṣé. Oṣù mẹ́rìnlá, o ò jẹ́ kí owó yìí bọ́ lọ́wọ́ ẹ."

Mo mọ̀ pé Jẹ́jẹ́ ò ní sọ ọ́ láéláé. Mo lè fi ẹ̀rín gba ọpẹ́ yẹn kí n sì gbé e lọ sílé. Ṣùgbọ́n ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni.

Mo ní, "Ó bọ́ lọ́wọ́ mi. Gbájúẹ̀ pè mí, mo bẹ̀rù, mo sì ń kó gbogbo ẹ̀ fún un. Àbúrò yín yìí ló gbà á padà." Mo fà á wá síwájú. "Wọ́n ti gba tiẹ̀ lọ, ẹ̀gàn mi ni ò jẹ́ kó lè sunkún ẹ̀ nílé wa. Ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ ló kàn tá a máa jọ kówó jọ fún, mo ti bẹ̀rẹ̀."

Ọkọ mi fi ojú tuntun náà wo àbúrò ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Omi wá ń jáde nínú ẹ̀. Nọ́ọ̀sì sáré dé, ó ní ta ló ń pa aláìsàn òun lẹ́kún, ṣé a fẹ́ ba iṣẹ́ dókítà jẹ́ ni.

Mo ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀ díẹ̀. Ó ń dúpẹ́ ni."